Bí Aboyún àti Ìyá Ọmọ Tuntun Ṣe Lè Tọ́jú Ara Nígbà Ọyẹ́ ní Èkó

Ọyẹ́ Èkó kì í ṣe ọyẹ́ Kánò. Á mú èèyàn díẹ̀ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, oòrùn á tún máa ta ni lórí bí ìṣe rẹ̀. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ló sábà máa ń dé ọ̀dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni, òun ló sì ń da eruku bo tábìlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Òtútù tí gbogbo wa ń pariwo rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀ níbí. Eruku àti gbígbẹ ni kí aboyún kọ́kọ́ bá jà, kó sì ṣọ́ra fún ohun tí a fi ń lé òtútù lára ọmọ.

Aṣọ ọmọ ni kí ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ọyẹ́ tó dé rárá. Fìlà, ibọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lò wà nínú àpótí, àwọn àti káńfọ̀ funfun róbótó tí a fi ń lé aáyán. Naphthalene ló wà nínú káńfọ̀ yẹn, ó sì léwu fún ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Wọ́n pọ̀ láàárín wa, ẹ ò sì lè fojú lásán dá wọn mọ̀. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tó ń rùn káńfọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́ nínú ara, kí ojú àti awọ rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè. Ibà pọ́njú nìyẹn. Tó bá le, ó máa ń wọ ọpọlọ, ó lè sọ ọmọ di adití, ó sì lè pa á.

Torí náà, ẹ kó káńfọ̀ kúrò nínú ilé pátápátá, kì í ṣe nínú àpótí ọmọ nìkan. Ẹ fi ọṣẹ fọ aṣọ náà, ẹ sá a sí oòrùn, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ lọ̀ ọ́. Kí ẹ tó fi wọ ọmọ, ẹ gbé e sí imú: tí òórùn káńfọ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà fọ̀ ọ́, tí kò bá lọ, ẹ má lò ó. Ẹ rántí ìró àǹkárá tí ìyá àgbà gbé wá láti ilé láti fi pọn ọmọ. Inú àpótí káńfọ̀ lòun náà ti wá.

Ó kan omi mímu. Ọyẹ́ máa ń fa omi lára láìjẹ́ pé èèyàn làágùn, òùngbẹ kì í sì í tètè gbẹ ni tí ara bá tutù. Ẹ má dúró de òùngbẹ. Kí aboyún mu píọ́ wọ́tà mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́, kí abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtọ̀ yín ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ó tó: kó mọ́, kó má pọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin kì í mu omi torí sún-kẹrẹ orí Third Mainland, kò sí ilé ìtọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ mu ún ṣáá, kí ẹ tọ̀ kí ẹ tó wọkọ̀. Aboyún tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde kò gbọdọ̀ fi ti omi ṣeré rárá, torí òtútù àti àìtó omi lára wà lára ohun tó ń dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀.

Tíì gbígbóná dùn láàárọ̀ ọyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún yín ní klíníìkì; kì í jẹ́ kí ara gba irin inú rẹ̀ dáadáa. Omi ni kí ẹ fi lò ó, kí ẹ sì jẹ ọsàn sí i. Àgbálùmọ̀ náà ti gba ìgboro lásìkò yìí. Ẹ jẹ ẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ fọ eruku ìgboro kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó fi ẹnu kàn án.

Nínú ilé, aṣọ tútù ni kí ẹ máa fi nu nǹkan. Ẹ má gbálẹ̀ gbígbẹ nígbà tí ọmọ tàbí aboyún wà nínú yàrá. Ẹ nu fáànù kí ẹ tó tàn án. Ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma) kó má fi ínhélà rẹ̀ sílẹ̀ torí oyún, àyàfi tí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì gbé ìkòkò èédú wọ yàrá nítorí òtútù, kí jẹnẹrétọ̀ má wà lẹ́bàá fèrèsé: gáàsì tó ń tara wọn jáde kò ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pa èèyàn.

Lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ara tó gbẹ tán, ẹ fi òrí tàbí Vaseline pa á. Ẹ má fi Robb tàbí ohunkóhun tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù pa àyà tàbí imú ọmọ tuntun.

Ọmọ náà wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ó pé wákàtí 24 kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀sán ni kí ẹ máa wẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìdájí. Aṣọ tí ẹ wọ̀, ẹ fi ẹyọ kan lé e fún ọmọ, ó tán. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀: tó bá ń làágùn, ẹ bọ́ ọ̀kan kúrò. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó tutù díẹ̀ kò túmọ̀ sí pé òtútù ń mú un.

Ìyá àgbà á ní ọ̀fun ọmọ ti gbẹ, kí ẹ tọ́ ọ lómi. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní, "Mà, nọ́ọ̀sì ní omi ló pọ̀ jù nínú ọmú," kí ẹ gba ife omi náà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ mu ún níṣojú wọn, kí ẹ sì gbé ọmọ sí ọmú. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́: ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún wàrà ọmú tó jẹ́ omi. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú nìkan ló tó o, nígbà ọyẹ́ pàápàá.

Ìsọmọlórúkọ oṣù Kejìlá ló le jù, torí gbogbo ẹbí ló wà nílé, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù náà ti dé, ọ̀fìnkìn sì ń lọ káàkiri. Ẹ gbé omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń wúkọ́ kó kí ọmọ láti ọ̀ọ́kán, ẹnikẹ́ni kó má fẹnu kò ó lẹ́nu. Bí wọ́n bá ń bínú, ọkọ ni kó bá wọn sọ ọ́.

Ẹ̀fọn kì í kúrò ní Èkó torí ọyẹ́. Ẹ máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, kí aboyún sì gba SP, oògùn tí a fi ń dènà ibà, ní klíníìkì láti oṣù kẹrin, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta, kí oṣù kan wà láàárín wọn.

Tí orí bá ń fọ́ aboyún gan-an tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí ibà mú un tàbí tí ọmọ inú kò yí mọ́, ẹ má ní ọyẹ́ ni. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kò mu ọmú, tó ń mí gúlegúle, tí ara rẹ̀ gbóná ju 37.5°C lọ, tàbí tí ojú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Lagos Island Maternity wà níbẹ̀. Ní Ìkẹjà, Ayinke House. Tí kò bá sí ọkọ̀, ẹ pe 767 tàbí 112, kí ẹ sì mú káàdì klíníìkì lọ́wọ́.