Bá a ṣe mú ibi tí ọmọ wa máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí

Maryland l'Amẹ́ríkà níbí là ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí. Bí àkọ́bí mi obìnrin ṣe wọ kíláàsì kejìlá lọ́dún tó kọjá báyìí, ọ̀rọ̀ "ED, ED" ò kúrò lẹ́nu àwọn ìyá ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Èmi tí mo ṣe JAMB n'Íbàdàn, mi ò mọ nǹkan tí wọ́n ń sọ, ni mo bá jókòó tì í.

Early Decision, ìyẹn ED, ni kéèyàn tètè kọ̀wé wọ yunifásítì ṣáájú àwọn yòókù; sukúù kan ṣoṣo lèèyàn lè fi ṣe, tí wọ́n bá ti gbà ẹ́ o ti di tiwọn nìyẹn, wàá lọ yọ gbogbo fọ́ọ̀mù tó o fi síbòmíì. Ọmọ á sáìn, òbí á sáìn, counselor, ìyẹn agbaninímọ̀ràn ní sukúù ẹ̀, náà á sáìn. Early Action ò so ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ ní tiẹ̀, wọ́n á tètè dá ẹ lóhùn, o ṣì láyè títí di May 1 láti mú èyí tó wù ẹ́. Harvard, Yale, Princeton àti Stanford ní tiwọn lọ́tọ̀, wọn ò ní so ẹ́ mọ́lẹ̀ àmọ́ wọn ò ní gbà kó o tún ṣe early sí yunifásítì aládàáni míì.

Yunifásítì kan ní Pennsylvania lọmọ mi fọkàn sí. A lọ wo ibẹ̀, bó ṣe padà wọnú mọ́tò ló ní, "Mọ́mì, ibí ni mo fẹ́ ṣe ED sí." Inú bàbá ẹ̀ dùn. Èmi dákẹ́, owó ni mò ń rò. Wọ́n ní ED ń jẹ́ kó rọrùn láti wọlé, òótọ́ wà níbẹ̀ o, àmọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe eré ìdárayá tí kóòṣì ti mú sílẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n ń kà yẹn, àwọn tí òbí wọn jáde níbẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni pé iye ìrànwọ́ tí wọ́n bá gbé fún ẹ náà ni, o ò ní rí ti ibòmíì fi wé e.

Sukúù tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ ní net price calculator lórí website wọn, ìyẹn ohun tó ń bá èèyàn ṣírò iye tó máa san tí wọ́n bá ti yọ ìrànwọ́ kúrò, òfin ni. Alẹ́ Sunday kan ní September a kó ìwé W-2 tó ń sọ iye tá à ń gbà níbi iṣẹ́ àti ìwé táàsì sórí tábìlì kíṣìnì, ọmọ ń tẹ̀ ẹ́, mò ń pe nọ́ńbà fún un. A dé ibi tí wọ́n ti bi wá bóyá a nílé míì yàtọ̀ sí èyí tá à ń gbé, bàbá ẹ̀ ní ká fò ó. Mo ní, "Dádì, ilé Ìkòròdú ńkọ́?" Ó ní ilé tí ayálégbé ò sanwó ẹ̀ láti ọdún méjì, ṣé ìyẹn náà nilé? Mo ní ilé ni, CSS Profile, fọ́ọ̀mù tá a máa fi béèrè ìrànwọ́ owó, ṣì máa béèrè ẹ̀, àwa la sì máa sọ pé òótọ́ la kọ. A fi iye ẹ̀ sí i ní dọ́là. Nǹkan tó jáde ni pé àwa máa san dọ́là 47,000 lọ́dún. Ọmọ náà wò ó, ó rọra sún laptop sọ́dọ̀ mi, kò sọ nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pè é, mo ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi, sukúù yẹn dáa, àmọ́ mi ò ní sáìn ohun tí mi ò lè san." Ó sunkún, ó dùn mí gan-an. Bàbá ẹ̀ ní wọ́n lè tú èèyàn sílẹ̀ tí ìrànwọ́ ò bá tó. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ December lo máa tó mọ̀, gbèdéke àwọn tó kù ti dé tán ní January, ọmọ sì ti wọ aṣọ sukúù yẹn káàkiri ilé.

Òun fúnra ẹ̀ ló wá fi calculator yẹn wo sukúù mẹ́fà míì. Ó mú Early Action ti Yunifásítì Maryland tó wà ní College Park àti ti Yunifásítì Howard, November 1 ni gbèdéke àwọn méjèèjì. College Park ní Early Action làwọn ti ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbà, ọmọ Maryland sì ni, owó ẹ̀ ò tó ti ará ìta. Ó fi ti Pennsylvania sí January pẹ̀lú àwọn yòókù.

October 29 ló tẹ submit, láago mẹ́sàn-án alẹ́, èmi àti bàbá ẹ̀ dúró lẹ́yìn àga ẹ̀. College Park ti gbà á báyìí, à ń retí ti Pennsylvania.