Kì í Ṣe Gbogbo Ẹ̀ Ni "Ọjọ́ Orí Ni" O: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé Tó Ní Àgbà Lọ́dọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin ìyálé, ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà nílé pẹ̀lú bàbá tàbí màmá tó ti dàgbà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa lọ láti oko dé oko, kí n máa sọ̀rọ̀ irúgbìn àti fẹ́tísílà, èmi kì í ṣe dókítà. Àmọ́ ẹ wo orí àwọn tó ń jókòó sípàdé àgbẹ̀ lásìkò yìí, funfun báláú ni. Àwọn ọmọ ti lọ Ìbàdàn, wọ́n ti lọ Èkó, àwọn míì ti jápa pátápátá, ẹni ọdún 65, ẹni 70 ló kù tó ń di ọkọ́ mú. Tí mo bá wá ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fín oògùn kòkó láì dárúkọ orúnkún tó máa gbé pọ́ǹpù yẹn, mo kàn ń tan ara mi ni. Ohunkóhun tó bá sì ń ṣe àgbà, a máa ń ní "ọjọ́ orí ni", bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú ẹ̀, àìsàn tó ṣeé tọ́jú ni, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àwọn kan máa ń ní ọ̀rọ̀ arúgbó tó ń pọ̀ sí i yìí, ti òyìnbó ni, ti Japan ni. Òótọ́ ni pé ní Japan, nínú èèyàn 100, bíi 29 ló ti pé 65 sókè, tiwa ní Nàìjíríà ò ju bíi 3 lọ. Àmọ́ 3 nínú 100 ní ìlú tí èèyàn ti lé ní 200 mílíọ̀nù, ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ó lé ní mílíọ̀nù 6. Àjọ ìlera àgbáyé sì ti sọ pé tó bá fi máa di 2050, àwọn tó ti pé 60 sókè láyé máa tó bílíọ̀nù 2.1, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá wọn ló máa wà nílùú bíi tiwa tí owó ò tíì pọ̀. Ohun tó ń sọ ìlú di ìlú àgbà ọ̀hún kì í tún ṣe pé èèyàn ń pẹ́ láyé nìkan, ọmọ bíbí tó ń dínkù ló ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, ní abúlé tiwa sì rèé, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kó jáde ni. Ẹ báà bímọ mẹ́wàá, tí gbogbo wọn bá wà l'Ékòó, ilé arúgbó lẹ wà yẹn.

Ẹlòmíì á tún ní ṣebí wọ́n ní ọdún 50 àti díẹ̀ lèèyàn ń lò láyé ní Nàìjíríà, a ò tiẹ̀ ní dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń sọ. Ìṣirò yẹn, àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń kú ló fà á wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti la ewu ìgbà èwe kọjá tó sì ti pé 60, ọdún ṣì wà níwájú ẹ̀ dáadáa, kó múra sílẹ̀. Ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, gbogbo ayẹyẹ la ti ń ṣàdúrà pé ẹ ẹ́ gbó, ẹ ẹ́ tọ́, tí àdúrà bá wá gbà tán a ò mọ nǹkan tá a fẹ́ fi ṣe.

Èèpo inú gàrí

Màmá kan wà lábúlé kan tí mo máa ń dé, gàrí wọn lókìkí gan-an, àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá rà á. Lọ́dún kan àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé èèpo ń wà nínú ẹ̀, àwọn ọmọ ní màmá ti ń ṣe é wúruwùru, ọjọ́ orí ni, kí wọ́n jókòó. Mo bá wọn jókòó sídìí ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọ̀bẹ ń lọ geere, àmọ́ àtàǹpàkò ni màmá fi ń wá èèpo, wọ́n ń fọwọ́ pa ara ẹ̀gẹ́ bí ẹni tó ń wá owó nínú òkùnkùn, èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ha wọn lọ́wọ́, wọ́n á fò ó. Wọn ò ríran ni. Wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni torí wọ́n rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn téèyàn bá ti lé ní 70.

Kátárààtì ni, ìkùukùu funfun tó máa ń bo inú ẹyinjú. Nígbà tí wọ́n yẹ ojú àwọn èèyàn wò káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, nínú afọ́jú 100, 43 ló jẹ́ pé òun ló fọ́ wọn lójú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ abẹ tí kì í pẹ́ ló ń yọ ọ́, wọ́n á fi lẹ́ǹsì kékeré kan rọ́pò ẹ̀ nínú ojú, ọ̀pọ̀ kì í tiẹ̀ sùn sí ọsibítù. Oyin ò lè yọ ọ́, ìtọ̀ ò lè yọ ọ́, oògùn tí wọ́n ń kán sójú ò lè yọ ọ́. Ẹ sá fún àwọn tó ń gbé abẹ́rẹ́ kiri tí wọ́n ń ti ìkùukùu yẹn sẹ́yìn ojú o. Wọ́n gbọ́n, torí ẹni náà lè ríran lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ ẹ́ sanwó, ẹ ẹ́ dúpẹ́, wọ́n á kúrò nílùú, kó tó pẹ́ ojú lè lọ pátápátá. Glaucoma tún wà, àìsàn tó ń ba iṣan tá a fi ń ríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tiẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ torí kì í sábà dunni, ìríran tó bá sì ti gbé lọ kì í dá a padà, nítorí náà tí ẹnì kan bá ti fọ́jú nínú ìdílé yín, ẹ lọ yẹ ojú yín wò báyìí, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá di arúgbó.

Wọ́n ṣe ojú fún màmá ṣá. Ìgbà tí wọ́n délé, ògiri ilé ìdáná ni wọ́n kọ́kọ́ bínú sí, wọ́n ní ta ló jẹ́ kó dúdú tó báyìí.

Ìgbàgbé kì í ṣe àjẹ́

Ibí ló ń dùn mí jù, màá pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Kí màmá pe orúkọ ọmọ mẹ́ta kó tó kan tìẹ, ìyẹn ò tíì di nǹkan kan, ìyá tèmi ti ń ṣe é láti bí wọ́n ṣe wà ní 40. Kí bàbá tó ti ń rin ọ̀nà oko kan náà láti 50 ọdún wá débi oríta kó dúró, kó má mọ apá ibi tó ń lọ, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fura sí. Àìsàn ọpọlọ tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbàgbé, tí wọ́n ń pè ní dementia, ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe wèrè, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, ó lè gba ọdún mélòó kan kẹ́ ẹ tó mọ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo arúgbó ló ń ṣe. Láti 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà ti jọ ń tọpa àwọn àgbà tó ti pé 65 sókè, Yorùbá ní Ìdíkàn n'Ìbàdàn, àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi wà lára àwọn tó ṣe é. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 sọ pé nínú 1000 àgbà, bíi 13 ni àìsàn yìí ń mú lọ́dún kan n'Ìbàdàn, ní Indianapolis bíi 32. Ẹ ò rí i, àwọn tí kò mú ló pọ̀ jù níbi méjèèjì. Tó bá jẹ́ ọjọ́ orí lásán ni, ṣé ì bá yàtọ̀ tó báyẹn láàárín àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn?

Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójijì wá yàtọ̀ pátápátá. Màmá tó dá ṣáṣá lọ́jọ́ Sunday, tó bá di Tuesday tí wọ́n ń bá ẹni tí ò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, tí wọn ò sùn lóru, tí wọ́n ń ní àwọn làwọ́n pa lágbájá, ìránrán ni. Ibà lè fà á, kí ìtọ̀ ní kòkòrò lè fà á, àyà tó ń dùn, omi tó gbẹ lára, ṣúgà tó wálẹ̀, oògùn tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lò. Ara wọn lè má tiẹ̀ gbóná o, torí ara àgbà kì í sábà gbóná bíi ti ọmọdé tí àìsàn ńlá bá wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù ká a sílẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ pe wòlíì, ọ̀kadà tàbí mọ́tò tó máa gbé wọn dé ọsibítù lọ́jọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ pè. Tí wọ́n bá tọ́jú nǹkan tó fà á, orí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń padà pé. Wọ́n ti lu àwọn ìyá àgbà, wọ́n ti lé wọn jáde nílé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí ibà ń sọ lẹ́nu wọn. Tó bá sì jẹ́ bàbá ló ṣe é, wọ́n á ní bàbá ti ń ṣe bí ọmọdé, kò sẹ́ni tó máa pè é ní àjẹ́. Ẹ rò ó wò.

Omi tí mo dárúkọ yẹn ńkọ́? Òùngbẹ kì í sábà gbẹ àgbà dáadáa mọ́, àwọn míì sì mọ̀ọ́mọ̀ ń yẹra fún omi torí ilé ìtọ̀ jìnnà, wọn ò fẹ́ dìde lóru. Ẹ gbé póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹ fi omi síbi tí ọwọ́ wọn ti lè tó o, kẹ́ ẹ máa rán wọn létí.

"Ẹ jókòó, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó"

Ìfẹ́ la fi ń sọ ọ́, àmọ́ ó ń pa wọ́n lára. Iṣan téèyàn ò lò máa ń joro, ẹni tó bá sì jókòó tán lọ́jọ́ kan, dídìde ló máa kọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ ẹ̀. Ní 1990 wọ́n gbé èsì kan jáde ní Boston, àwọn tó tó bí ẹni 90 ọdún nílé ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n fún ní ohun wíwúwo láti máa fi ẹsẹ̀ gbé, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré, agbára ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni 90 o!

Torí náà ẹ má gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Pọ́ǹpù tá a ń pọ̀n sẹ́yìn yẹn, èyí tó ń gba lítà 16, omi inú ẹ̀ nìkan kílò 16, a ò tíì ka pọ́ǹpù fúnra ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ti ẹni tí orúnkún ń ro. Tí kò bá sí ọmọ nílé, ẹ bu ìdajì sí i kẹ́ ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ojú ẹ̀ ò mọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ wọn oògùn oko rárá, ẹ má sì rọ oògùn oko sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo bẹ̀ yín, àgbà tí kò rí lébẹ̀ẹ̀lì á gbé e mu bí omi. Ẹ gbé àpótí tí wọ́n fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ ga sókè kó tó bí àga ìjókòó gidi, torí dídìde láti ìsàlẹ̀ yẹn ló ń fọ́ wọn lórúnkún. Títọ́jú ọmọ kòkó àti ọmọ ata lábẹ́ ibòji, àwọn ló mọ̀ ọ́n jù, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Nínú ilé, ẹ kó ọkọ́ àti kẹ́ẹ̀gì kúrò lójú ọ̀nà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìrọ̀rí wọn, kí ọ̀pá wọn ní rọ́bà nídìí. Egungun ìbàdí tó bá ṣẹ́ lára àgbà, ẹ̀mí ló ń bá ṣeré.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, màá sáré sọ ọ́. Kò sóhun tó ń jẹ́ pé àgbà gbọ́dọ̀ ní B.P. tó ga, tó bá ti ń jẹ́ 140 lórí 90 sókè léraléra, àìsàn ni, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí orí bá fọ́ nìkan. Oògùn ara ríro tí wọ́n ń dì pọ̀ ní ọ̀rá kékeré lọ́jà, tẹ́ ẹ bá ń lò ó lójoojúmọ́, ó lè gbé B.P. sókè, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Bàbá tó ń dìde tọ̀ nígbà márùn-ún lóru tí ìtọ̀ sì ń dá dúró, kó lọ ṣe àyẹ̀wò, kì í ṣe ìtìjú. N'Ìbàdàn, UCH ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àwọn àgbà nìkan láti 2012, ẹ bèèrè ẹ̀ tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n ní òkété tó bá dàgbà tán, ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu, àmọ́ ilé míì rèé, omi ọbẹ̀ lásán ni wọ́n ń bù fún òkété. Wọ́n á ní àgbà ò nílò ẹran mọ́. Irọ́ ni, ara tó ń joro ló nílò ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà jù. Tí eyín ò bá sí, ẹ gún ẹran, ẹ se mọ́ínmọ́ín, ẹ yọ egungun ẹja.

Ẹni tó ń tọ́jú wọn náà èèyàn ni o. Ìyàwó ilé kan ṣoṣo ló sábà máa ń gbé gbogbo ẹ̀ rù, ó ń fọ aṣọ ìtọ̀, ó ń lọ oko, àwọn tó wà lókè òkun á fowó ránṣẹ́, wọ́n á tún máa pàṣẹ lórí WhatsApp. Ẹ pín in. Ẹni tí ò bá lè wá, kó sanwó ẹni tó máa dúró lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ kí obìnrin yẹn sùn.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ààlà tí mò ń bá pàdé, ẹni kan ṣoṣo tó mọ ìdí ẹ̀ ti gbàgbé tàbí ti kú, wọ́n sì rò pé àwọn máa bí i léèrè tó bá yá. Bíbéèrè lọ́wọ́ àgbà kì í ṣe pé ẹ̀ ń wá ikú ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ara bàbá yá, ẹ bá wọn lọ sóko, ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ jọ láàlà kóun náà wá, kí bàbá máa fọwọ́ kan àwọn pèrègún tó wà lójú ààlà níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa sọ ẹni tó gbìn ín, kí ọmọ kan gbé fóònù dání kó máa ká a sílẹ̀.