RV àbí hòtẹ́ẹ̀lì: ẹ ṣírò ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó fẹ̀yìn tì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra RV o, ìyẹn ọkọ̀ ìrìn-àjò tó dà bí ilé, tó ní ibùsùn àti ilé ìgbẹ́ nínú. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ǹtì ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ so họ́ọ̀sì mọ́ táǹkì ìgbẹ́ kẹ́ ẹ sì dà á nù fúnra yín, torí iṣẹ́ yẹn ò ní tán láéláé. Lẹ́yìn náà ẹ wá kọ owó epo sílẹ̀, inṣọ́ráǹsì, owó ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí nígbà òtútù, àti bí iye ẹ̀ ṣe ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ pín gbogbo ẹ̀ sí iye alẹ́ tẹ́ ẹ máa sùn nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé ti hòtẹ́ẹ̀lì. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dún ni, hòtẹ́ẹ̀lì ló sàn lójú tèmi. Ẹni tó bá ti pé 62 tó sì ní green card tàbí tó jẹ́ ọmọ ìlú, Senior Pass $80 wà, ìyẹn káàdì àgbàlagbà tí wọ́n fi ń wọ àwọn national park ìjọba àpapọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa san án.