Ṣé kí lọ́yà tuntun lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ adájọ́? Bí mo ṣe ń bá àwọn àbúrò mi wò ó ní Àkúrẹ́

Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti búra fún àwọn lọ́yà tuntun ní Àbújá tán, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Alágbàka: "Ẹ̀gbọ́n, àyè amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ adájọ́, ìyẹn lọ́yà tó ń bá adájọ́ ṣèwádìí, tó sì ń bá a tú ìwé ẹjọ́, wà ní Kóòtù Gíga. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n wá ọ̀gá lọ́yà tí n ó máa tẹ̀ lé lọ sí kóòtù?"

Mo ṣe iṣẹ́ yẹn kí n tó dá dúró. Ó ṣe mí lóore púpọ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá bi mí ni mo ń sọ fún pé kó lọ, torí kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo wa ń rè.

Àbúrò mi, má kọ́kọ́ fi ti Amẹ́ríkà wọn tiwa. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ìmọ̀ òfin lè bá adájọ́ ṣiṣẹ́ fún ọdún kan tàbí méjì, kó sì máa lọ. Adájọ́ kọ̀ọ̀kan ní ilé ẹjọ́ gíga jùlọ wọn lè gba mẹ́rin irú wọn. John Roberts tó jẹ́ olórí adájọ́ wọn bá William Rehnquist, adájọ́ kan ní ilé ẹjọ́ náà, ṣiṣẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Elena Kagan, tí òun náà jẹ́ adájọ́ níbẹ̀, ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ adájọ́ Thurgood Marshall. Àwọn iléeṣẹ́ lọ́yà ńláńlá níbẹ̀ a máa san owó lọ́tọ̀ láti fi fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Níbí, kò sẹ́ni tó máa fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù rẹ nítorí pé o ti bá adájọ́ ṣiṣẹ́ rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣẹ́ ìjọba ni tiwa sábà máa ń jẹ́. Ìwé tí wọ́n á fún ọ kò ní ọjọ́ tí yóò parí. Nítorí náà, bí o ṣe ń ro bí o ṣe máa wọlé ni kí o ti máa ro ìgbà tí o máa jáde.

Kí ni wàá rí kọ́ níbẹ̀? Jẹ́ kí n fi ẹjọ́ ilẹ̀ ṣàlàyé, torí òun ló pọ̀ jù lágbègbè wa. Bí Àkúrẹ́ ṣe ń fẹ̀ lọ sápá Ọ̀bà-Ilé ni àwọn ẹbí ń pe ara wọn lẹ́jọ́. Ẹbí kan á ní ọdẹ ni baba ńlá àwọn, òun ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Ẹbí kejì á ní irọ́ ni, baba tàwọn ni. A ti kọ́ ọ ní Law School pé ọ̀nà márùn-ún ni èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ṣe là á sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976. A sì ti kọ́ ẹjọ́ Kojo II àti Bonsie ti 1957: bí ìtàn ẹbí méjèèjì bá ta kora, kì í ṣe ẹni tó mọ ìtàn pa jù ni adájọ́ yóò gbè, ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà láìpẹ́ ni yóò wò. Ta ló gbin kòkó síbẹ̀? Ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Ta ló tà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá a jà?

Inú yàrá adájọ́ ni mo ti wá rí bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú ẹjọ́ kan tó ti parí, tí ìdájọ́ rẹ̀ sì ti wà ní gbangba, lọ́yà ẹbí kan kọ àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àlàyé ìkẹyìn tí lọ́yà ń kọ fún adájọ́, tó gùn, tó sì dùn kà. Ó ní àwọn àgbẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹbí náà láti ìran dé ìran. Adájọ́ fi bírò tẹ ibẹ̀, ó bi mí pé, "Ta ló jẹ́rìí sí èyí?" Mo tú ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Kò sí àgbẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n pè. Bí àdírẹ́ẹ̀sì lọ́yà ti wù kó dára tó, kò lè dípò ẹ̀rí, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Títí dòní, n kì í gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù láì kọ orúkọ ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ẹgbẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá lọ́yà lè sọ èyí fún ọ títí, kò lè wọ̀ ọ́ lára bí ìgbà tí o jókòó síbi tí ẹjọ́ ti ń ṣubú.

Wàá tún kọ́ bí a ṣe ń yára kọ̀wé. Abala 294 nínú ìwé òfin 1999 fún adájọ́ ní 90 ọjọ́ péré láti dájọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rí àti àdírẹ́ẹ̀sì bá ti parí.

Àmọ́ o ò ní la ẹnu rẹ ní kóòtù. O ò ní bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀, o ò ní gba béèlì fún ẹnikẹ́ni, o ò sì ní mọ bí a ṣe ń bá oníbàárà dúnàádúrà. Bí SAN, oyè àgbà lọ́yà ilẹ̀ wa, bá wà lọ́kàn rẹ gẹ́gẹ́ bíi lọ́yà tó ń lọ kóòtù, ẹjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ ṣe ni wọ́n máa béèrè.

Bí mo ṣe ń dá a sí méjì nìyí. Bí o bá fẹ́ di májísíréètì tàbí adájọ́ lọ́la, tàbí o fẹ́ràn iṣẹ́ ìwádìí àti ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, lọ. Ọdún 10 lẹ́yìn ìbúra ni òfin béèrè kí èèyàn tó lè di adájọ́ Kóòtù Gíga, 12 fún Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ọdún tí o lò lọ́dọ̀ adájọ́ sì wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ báńkì àti ti iléeṣẹ́ ńlá l'Ékòó lo ń lé, wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní ti owó, má tijú ṣírò rẹ̀. Owó oṣù ìjọba tó ń wọlé déédéé lè sàn ju owó ọkọ̀ tí àwọn ọ́fíìsì kan ní ìgboro yìí ń pè ní owó oṣù, pàápàá fún ẹni tí àbúrò ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n rántí 2021, nígbà tí JUSUN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹrin wọ oṣù kẹfà, tí ilẹ̀kùn kóòtù wà ní títì.

Adájọ́ tí o máa bá ṣiṣẹ́ ṣe pàtàkì ju kóòtù lọ. Gbangba ni kóòtù. Lọ jókòó sẹ́yìn ní òwúrọ̀ bíi mélòó kan. Ṣé ó máa ń jókòó lásìkò? Ṣé ó ti ka fáìlì kó tó wọlé? Báwo ló ṣe ń bá akọ̀wé kóòtù sọ̀rọ̀ bí inú bá bí i? Wá ẹni tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí, kí o bi í bóyá wọ́n ń jẹ́ kó kọ nǹkan kan, àbí báàgì ló ń gbé, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì kiri. Ní Àkúrẹ́, a ní Kóòtù Gíga ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀, a ní kóòtù ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, a sì ní Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ máa ń sáré sí Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nítorí iyì. Ní tèmi, Kóòtù Gíga ni kí ẹni tuntun ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ti ń dúró sójú rẹ. Lókè lọ́hùn-ún, ìwé nìkan lo máa rí.

Bí o kò bá tíì sìnlẹ̀ bàbá rẹ, fi ọdún àgùnbánirọ̀ dán an wò. Kọ̀wé sí ọ́fíìsì olórí akọ̀wé kóòtù, kí wọ́n lè béèrè fún ọ. Ọdún kan ni, ó ní òpin fúnra rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì ń san 77,000 náírà lóṣù.

Bí o bá ti wọlé, ẹnu rẹ ni kí o kọ́kọ́ ṣọ́. Àwọn tó ń ṣẹjọ́ á wá ọ délé pẹ̀lú iṣu àti epo, wọ́n á ní àwọn kàn wá kí ọ ni. Dá a padà lójú ẹsẹ̀, kí o sì sọ fún adájọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Fáìlì kò gbọ́dọ̀ bá ọ délé. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí adájọ́ ń rò lẹ́nu rẹ, ìyá rẹ pàápàá.

Má jẹ́ kí orúkọ rẹ tutù láàárín àwọn lọ́yà. Máa san owó ọdọọdún tí lọ́yà ń san kó lè máa ṣiṣẹ́ kó tó di 31 oṣù kẹta, máa lọ sí ìpàdé NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ẹ̀ka Àkúrẹ́. Kọ ọjọ́ tí o máa jáde sínú ìwé kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì tó fún ẹni tó fẹ́ wọ kóòtù. Bí o bá ń lọ, gba lẹ́tà lọ́wọ́ adájọ́ rẹ, fi gbogbo ìwé kóòtù sílẹ̀ síbi tí o ti bá a, kí o sì sọ fún ọ̀gá rẹ tuntun pé o ò ní fara hàn níwájú adájọ́ yẹn fún sáà kan, àti pé ẹjọ́ tí o ti fọwọ́ kan fáìlì rẹ̀ rí, o ò ní bá wọn dá sí i láéláé.