Ara Ọkọ̀ Kọ́ Ni Ìbẹ̀rẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Ṣe Ọkọ̀ Asáré Fúnra Wọn

N kò kọ èyí fún ẹni tí kò tíì di ẹ̀rọ ìjórin mú rí. Kí onítọ̀hún lọ kọ́ irin jíjó ná, kó máa jó àgékù páìpù pọ̀ títí tí yóò fi lè fi òòlù lù ú tí kò ní já. Àwọn tí mò ń bá wí ni ẹ̀yin tí ẹ ti ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ ti ní irinṣẹ́, tí ẹ sì ń da owó sínú ọkọ̀ tí kò ní jáde nínú ṣọ́ọ̀bù láé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dójú rú ni ẹ máa ń wọ́ ọ wá bá èmi àti irú mi, a ó wá jọ máa wojú ara wa. Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí ara tù mí.

1. Ẹ́ńjìnnì ńlá lákọ̀ọ́kọ́

Ẹni tó fẹ́ ṣe ọkọ̀ asáré á sá lọ ra V8, ẹ́ńjìnnì ńlá onísìlíńdà mẹ́jọ, kò tíì mọ ohun tí ọkọ̀ náà máa wúwo tó. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọkọ̀ 600 kg tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 120, àti ọkọ̀ 1,500 kg tí tirẹ̀ ní 300, iye agbára tó kan kílò kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì dọ́gba. Èyí tó fúyẹ́ ni yóò ya kọ́nà dáadáa, òun ni yóò tètè dúró, òun náà ni táyà rẹ̀ yóò pẹ́. Nígbà tí Colin Chapman, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Lotus, gbé Lotus Seven, ọkọ̀ asáré kékeré tó fúyẹ́, jáde lọ́dún 1957, ẹ́ńjìnnì Ford 1,172 cc tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹṣin 40 lọ ló fi bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, ilé-iṣẹ́ Caterham ṣì ń ṣe irú ọkọ̀ yẹn tà.

Ẹ́ńjìnnì ńlá kì í sì í dá wá. Yóò béèrè gíà tó le, rédíétọ̀ tó fẹ̀, bíréèkì tó tóbi, táyà tó nípọn. Ibẹ̀ ni owó ti ń tán kí a tó gé irin kan.

2. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gé wáyà rẹ̀

Ẹ ra odidi ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́ ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tú u fúnra yín. Mazda MX-5 tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1989 dára fún iṣẹ́ yìí: ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ní apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, ìyẹn irin méjì tó so táyà mọ́ ọkọ̀. Ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì nìkan kò ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tàbí kó ní brain box láìní kọ́kọ́rọ́ tí brain box náà mọ̀. Kò ní pẹ́dà, kò ní pọ́ǹpù epo, kò ní sensor tó wà lára gíà. Yóò wá pe rẹ́wáyà, rẹ́wáyà yóò sì máa fi ẹnu méfò. Kó tó ra gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tán, owó odidi ọkọ̀ ti lọ.

3. Ara ọkọ̀ lákọ̀ọ́kọ́

Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Ọmọkùnrin kan fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ara fáíbà wá bá mi nígbà kan. Ó ti kùn ún ní pupa, ó ti de iná iwájú mọ́ ọn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí lọ sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ. Ó ní, "Ọ̀gá, ó ku ṣásì àti ẹ́ńjìnnì, ẹ bá mi parí ẹ̀." Mo bi í pé, "Táyà wo lo fẹ́ lò?" Ó ní ìyẹn kò le, èyíkéyìí tó bá ṣáà ti wọ̀ ọ́. A gbé táyà kan sínú ihò fẹ́ńdà, mo ní kó yí i bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ ya kọ́nà. Táyà ti ha mọ́ fáíbà kó tó yí dé ìdajì. Ó bá mú ẹ̀rọ, ó gé díẹ̀. A tún yí i, ó tún ha, ó tún gé. Nígbà tí táyà fi máa ráyè yí tán, ọ̀dà pupa ti di eruku nílẹ̀ẹ́lẹ̀. A kò sì tíì gbé táyà sókè o, bí yóò ti gòkè nígbà tó bá bọ́ sí kòtò. Ìyẹn náà ń fẹ́ àyè tirẹ̀.

Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Táyà ló máa sọ bí rímù yóò ṣe fẹ̀ tó. Inú rímù ni bíréèkì àti họ́ọ̀bù yóò wọ̀, ibẹ̀ lẹ ó sì ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì òkè àti ti ìsàlẹ̀, oríkèé tó so apá mọ́ họ́ọ̀bù, yóò wà. Láti ibẹ̀ lẹ ó ti fa apá méjèèjì wọnú, ibi tí wọ́n bá sì ti ń ṣẹ́ sókè sódò lápá inú, ibẹ̀ ni irin ṣásì gbọ́dọ̀ wà. Ṣásì kò ju irin tó so àwọn ojú ibi wọ̀nyẹn pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó lọ. Ara ló kẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti ara bẹ̀rẹ̀ kì í ráyè gbé rack sítíárìn, irin tí sítíárìn ń tì sọ́tùn-ún sósì, síbi tó yẹ. Ibi tí àyè bá ṣẹ́ kù sí lábẹ́ imú ọkọ̀ ló máa ń tì í sí. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni bump steer: táyà gun gegele lójú ọ̀nà, ó sì yà fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí sítíárìn. Ẹ fa ìlà gba inú apá òkè, ẹ fa òmíràn gba inú apá ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí méjèèjì lọ pàdé níbi tí wọ́n bá ti máa pàdé. Ibi ìpàdé yẹn ni tie rod, irin tó so rack mọ́ ẹsẹ̀ táyà, náà gbọ́dọ̀ dojú kọ, gígùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti apá méjèèjì mu.

Wíwọ̀n rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ẹ yọ sípírìn kúrò lára ṣọ́ọ̀kì, ẹ de sítíárìn kó má lè yí, kí ẹ wá de pákó títọ́ kan mọ́ họ́ọ̀bù. Ẹ na okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹ fi jáàkì máa gbé họ́ọ̀bù sókè ní 10 mm, 10 mm, láti ìsàlẹ̀ pátápátá títí dé òkè. Nígbàkigbà tí ẹ bá gbé e, ẹ wọn àyè tó wà láàárín okùn àti orí pákó níwájú, kí ẹ wọn tẹ̀yìn náà. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá dúró bákan náà látìsàlẹ̀ dókè, kò sí bump steer níbẹ̀. Bó bá ń yí padà, ẹ fi wáṣà gbé rack sókè tàbí kí ẹ yọ wáṣà kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹni tó fi oṣù gbáko fi sáńpépà ha fáíbà ló ń sọ fún mi pé òun kò ráyè iṣẹ́ ọjọ́ kan!

Ara pupa yẹn ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Adìyẹ ló ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Jíjó ṣásì kò gba ìwàásù gígùn. Irin tó gbóná a máa wú, tó bá tutù a sún kì, á sì fa èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó jó igun kan tán pátá kó tó fọwọ́ kan èkejì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń wọ́ ṣásì. Ẹ kọ́kọ́ fi ìjó kéékèèké mú gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí tábìlì títẹ́jú, ẹ wọn igun sí igun lọ́nà méjèèjì, kí ẹ tó máa jó o díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, iwájú, ẹ̀yìn. Páìpù onígun mẹ́rin 25 mm tó nípọn 1.6 mm tó fún ọkọ̀ kékeré irú Seven, bí irin ìdábùú tó lọ láti igun dé igun bá ti wà níbi tó yẹ. Onígun mẹ́rin a máa yẹ̀, onígun mẹ́ta kì í yẹ̀. Àwọn tó ń fi páìpù tó nípọn rọ́pò ìdábùú, ìwúwo ni wọ́n rà, wọn kò ra agbára.

Àwọn wọ̀nyí, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti tó wọn. Ẹ má jó páìpù tí wọ́n fi zinc bò láìkọ́kọ́ ha á kúrò, èéfín rẹ̀ a máa fa ibà. Brake cleaner, omi ìfọ bíréèkì, tó ní chlorine nínú, ẹ má fi fọ irin tí ẹ fẹ́ jó, torí ooru ìjó a máa sọ ọ́ di gáàsì olóró. Bọ́ótù tó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní irin tó dì í mú lápá méjèèjì. Ẹ má gbé táńkì epo sún mọ́ sàlẹ́ńsà. Ẹ dé àṣíborí kí ẹ jókòó sínú ṣásì kí ẹ tó jó páìpù tó máa dáàbò bo orí, nítorí ó gbọ́dọ̀ ga jù ú lọ. Rédíétọ̀: ẹ ti wá ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé, ibo ló máa gbà jáde? Ẹ sì lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó gé irin àkọ́kọ́, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ṣe é tán.

Bíréèkì kò ṣeé fi gbólóhùn kan sọ. Wọ́n á tú bíréèkì lára ọkọ̀ tó wúwo, wọ́n á yọ servo rẹ̀, ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì, dànù torí kò sí àyè, wọ́n á wá máa ṣàròyé pé pẹ́dà le bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó. Àfi kí ẹ yí master cylinder, pọ́ǹpù tí pẹ́dà ń tì láti fi ti epo bíréèkì, sí èyí tí ihò rẹ̀ kéré sí i, tàbí kí ẹ fi kún gígùn pẹ́dà. Ẹ sì wo irin tó gbé pẹ́dà dáadáa. Bí ẹsẹ̀ bá fi agbára 50 kg tẹ̀ ẹ́, tí pẹ́dà sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po 5, 250 kg ló ń ti master cylinder. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ máa wò ó. Mo ti wo ọ̀kan báyìí tí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n de pẹ́dà mọ́ ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀, bẹ́ẹ̀ kálípà onípísítínì 6, èyí tó ń fún díìsìkì bíréèkì mọ́ra, ni olówó rẹ̀ rà síwájú. Ara irin pẹlẹbẹ yẹn ni agbára ẹsẹ̀ ń parí sí.

Bí bíréèkì bá máa há táyà, kí ó jẹ́ ti iwájú ló kọ́kọ́ há. Bí tẹ̀yìn bá ṣáájú, ọkọ̀ máa pòyì. Ẹ dán an wò lórí ilẹ̀ gbalasa tó tutù, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí, pẹ̀lú eré díẹ̀, kí ẹnì kan dúró jìnnà kó máa wo táyà tó kọ́kọ́ dúró.

Ẹ wà á níhòhò kí ẹ tó fi ara bò ó. Tèmi wà níhòhò títí di òní. Egungun ni àwọn ọmọṣẹ́ mi ń pè é, ìyàwó mi kò sì jẹ́ bá mi jókòó sínú rẹ̀ lọ òde. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀tì tí n kò lè rí lára rẹ̀ láti ibi tí mo dúró. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ínrín kan gba orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí irin tó dì mọ́. Ẹ wà á díẹ̀, kí ẹ padà wá wò ó. Ibi tí ìlà bá ti já, nọ́ọ̀tì ibẹ̀ ti yí, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀ bó bá jẹ́ irú tó ní rọ́bà nínú. Ẹ wo etí ojú ìjó náà, torí ibẹ̀ ni irin sábà máa ń sán sí, kì í ṣe àárín ìjó fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá wà á lọ wà á bọ̀ tí ìlà kankan kò já, tí irin kankan kò sì sán, ẹ wá lè pe oní-fáíbà.