Bí A Ṣe Ń Yẹ Àlòkù Bọ́ọ̀dù Ìgun-Ìgbì Wò, Tí A sì Ń Tún Un Ṣe

Ní Tarkwa Bay, létí òkun Èkó, kì í ṣe ohun àjèjì kí bọ́ọ̀dù tí ọ̀dọ́ kan fi ń gun ìgbì ti lo ọjọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ó tó kàn án. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ewu tí ó wà lára ọgbẹ́ rẹ̀ ni omi tí ó ń gba ibẹ̀ wọlé, nítorí fóòmù ni inú bọ́ọ̀dù, awọ fáíbà (aṣọ tí a fi fọ́nrán gíláàsì hun) tín-ín-rín tí a fi rẹ́sìn, oje tí ó máa ń le gbagidi, lẹ̀ ni ó sì ń dáàbò bò ó.

Kọ́kọ́ ha ìda ara rẹ̀ (èyí tí wọ́n fi ń pa á kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀) kúrò pátápátá, torí pé ìda a máa bo ibi tí ó sán mọ́lẹ̀. Gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí o fi ojú tọ ara rẹ̀ láti imú dé ìdí. Bí ìlà kan bá dábùú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kán rí, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà á, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo ara rẹ̀. Ibi tí ó bá rọ̀, awọ ti ṣí kúrò lára fóòmù níbẹ̀. Mi lẹbẹ ìdí rẹ̀ wò bóyá ó dúró ṣinṣin. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá kàn pọ́n díẹ̀, oòrùn ni ó fà á, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé etí ọgbẹ́ nìkan ni ó pọ́n rúsúrúsú, omi ti wọ ibẹ̀.

Fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ náà, kí o da ojú rẹ̀ kọ ilẹ̀ níbi òjìji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Má ṣe sá a sí oòrùn gangan, nítorí ooru a máa mú kí afẹ́fẹ́ inú fóòmù wú, kí awọ sì ṣí. Máa gbé e sórí ìwọ̀n lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dínkù mọ́ ni ó gbẹ, ìbáà gba ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe kánjú níhìn-ín, nítorí omi tí a bá dí mọ́ inú yóò máa ba fóòmù náà jẹ́ lọ ni.

Lẹ́yìn náà, wo èwo ni fóòmù rẹ̀ jẹ́ nínú oríṣi méjì tí ó wọ́pọ̀. Bí ó bá rí hóró-hóró bí fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n, rẹ́sìn polyester yóò jẹ ẹ́ run. Epoxy, oríṣi rẹ́sìn mìíràn, ni kí o lò. Epoxy bá oríṣi fóòmù méjèèjì mu, nítorí náà òun ni kí ẹni tí kò bá dá a mọ̀ rà.

Wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Gé fóòmù tí ó ti jẹrà kúrò, kí o fi sáńpépà nọ́ńbà 80 (bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ó ṣe ń kúnná tó) ha etí ọgbẹ́ náà yíká ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 3. Po epoxy gẹ́gẹ́ bí ìwé ara ìgò ṣe wí gan-an, torí pé àfikún hádínà (èyí tí a ń pò mọ́ ọn kí ó lè le) kì í mú un yára gbẹ, ńṣe ni yóò máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ títí. Pò ó mọ́ ìyẹ̀fun fúlẹ́fúlẹ́ tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, kí o fi dí ihò náà. Bí ó bá ti le, ha á kí ó bá ara bọ́ọ̀dù dọ́gba. Tẹ́ aṣọ fáíbà méjì lé e, kí èkejì fẹ̀ ju èkínní lọ díẹ̀, da epoxy sí i, kí o fi ike pẹlẹbẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde. Lẹ́yìn wákàtí 24, fi sáńpépà 80, 120 àti 220 ha á tẹ̀ léra, títí ìka rẹ kò fi ní mọ etí aṣọ náà mọ́. Má ṣe gbé e wọ òkun títí iye ọjọ́ tí ìwé ara ìgò náà là sílẹ̀ yóò fi pé.