Gààrí oníye méjì: ẹ jẹ́ kí x bá yín wọ̀n ọ́n

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò wa nílé ìwé. Kò sẹ́ni tó bi mí, ṣùgbọ́n ojú lásán ni ọ̀pọ̀ wa ní Kétu níbí fi ń díwọ̀n gààrí oníye méjì tí a dà pọ̀ mọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé kílò gààrí kan jẹ́ 400 fáráǹkì, èkejì tó kúnná jẹ́ 650. Ẹ fẹ́ 50 kílò àdàlù tí kílò rẹ̀ máa jẹ́ 500. Ẹ pe ìwọ̀n gààrí olówó gọbọi ní x. Ti pọ́ọ́kú á jẹ́ 50 − x. Ibí yìí ni àwọn ọmọ tó ń múra BEPC (ìdánwò ìparí ìpele àkọ́kọ́ ilé ìwé girama) ti ń dá wàhálà sílẹ̀: wọn á mú y wọlé, wọn á wá máa wá ìdọ́gba kejì kiri, bẹ́ẹ̀ x kan ṣoṣo tó. Owó ni kí ẹ mú dọ́gba (50 kílò ní 500 jẹ́ 25000):

650x + 400(50 − x) = 25000
250x = 5000
x = 20

Olówó gọbọi 20 kílò, pọ́ọ́kú 30. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 13000 pẹ̀lú 12000, ó pé 25000.

Bí ẹ bá ń fi omi la nǹkan, ó tún rọrùn sí i, torí 0 ni agbára omi. Ẹ ní Javel (omi tó ń sọ aṣọ di funfun) tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 12 nínú 100, ẹ fẹ́ 20 lítà tí tirẹ̀ jẹ́ ìdá 3. Ẹ pe lítà Javel ní x: 12x = 3 × 20, x jẹ́ 5, omi 15 lítà. Omi nìkan o! Bí Javel bá pàdé ásíìdì, gáàsì olóró ló ń tú jáde.